Ohun Tó Ń Mú Orí Yá ní Kumasi

Inú dídùn ló ń mú orí yá. Gbogbo wa la mọ òwe yìí, ṣùgbọ́n ó ṣọ̀wọ́n kí a bi ara wa léèrè ohun tó ń mú inú ọ̀hún dùn, àti ẹni tó yẹ kó bá wa ṣe é. Lóde òní, àwọn onímọ̀ nípa ìlera ọpọlọ máa ń gbà wá níyànjú pé kí a máa sinmi, kí a máa dúpẹ́ lójoojúmọ́, kí a má ṣe di ìbínú sínú, kí a má sì ṣe dá wà. Ìmọ̀ràn gidi ni, mo sì fara mọ́ ọn. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé ní Kumasi, ìlú tí wọ́n ti bí mi, àwọn àgbà ti sọ gbogbo rẹ̀ di àṣà kó tó di ìmọ̀ràn ẹnikẹ́ni. Wọ́n yan ọjọ́ fún un, wọ́n yan wákàtí fún un, wọn kò sì fi í sílẹ̀ fún ẹnì kan ṣoṣo láti dá ṣe. Ibẹ̀ ni agbára rẹ̀ wà.

Ọdún 1950 ni wọ́n bí mi níbẹ̀. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá mi, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ náà ni ìyá mi, òwò ló sì gbé àwọn méjèèjì dé Gánà. Títí a fi kúrò níbẹ̀ lọ́dún 1969, àgbàlá kan náà ni àwa àti àwọn Àṣáńtì, àwọn Mosi àti àwọn Hausa jọ ń gbé. Ohun tí mo fojú rí nígbà èwe mi, àti ohun tí mo kà nígbà tí mo di olùkọ́ ìtàn, ni mo kó jọ síbí.

Ìlú tó gba àlejò

Láti ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún kẹtàdínlógún ni Kumasi ti jẹ́ olú-ìlú Àṣáńtì. Ọba Osei Tutu àti àlùfáà rẹ̀, Okomfo Anokye, ló kó àwọn ìlú tó yí i ká jọ sábẹ́ Àpótí Wúrà, ìjókòó ọlọ́wọ̀ tó jẹ́ àmì ìṣọ̀kan wọn, tí wọ́n fi lágbára láti ṣẹ́gun Denkyira, ọ̀gá wọn àtijọ́, lọ́dún 1701. Lẹ́yìn náà ni ìlú yìí rí màbo lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Lọ́dún 1874, ọmọ ogun Garnet Wolseley dáná sun ún. Lọ́dún 1896, wọ́n mú ọba Prempeh Kìíní lọ sí ìgbèkùn, wọ́n sì gbé e dé erékùṣù Seychelles kẹ́yìn. Lọ́dún 1900, Yaa Asantewaa, ìyá ọba Ejisu, dìde ogun nítorí pé gómìnà Gẹ̀ẹ́sì ní kí wọ́n gbé Àpótí Wúrà wá kóun jókòó lé e. Nígbà tó fi máa di ọdún 1902, Gẹ̀ẹ́sì ti sọ ilẹ̀ Àṣáńtì di tiwọn.

Ọdún 1903 ni ọkọ̀ ojú irin láti Sekondi wọ Kumasi, èyí tó gba Accra sì dé lọ́dún 1923. Àwọn Yorùbá ti ń rin ilẹ̀ yẹn ṣáájú ojú irin. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń rìn gba Parakou àti Djougou, tí wọ́n ń kó aṣọ òkè lọ, tí wọ́n ń kó obì bọ̀. Nígbà tí ọ̀nà ọkọ̀ là, iye wọn wá pọ̀ gidigidi. Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ìlọrin, Ọ̀fà, Ṣakí àti Ìgbẹ́tì pàtẹ sí ọjà Kumasi: aṣọ, ìlẹ̀kẹ̀, abọ́ tánganran, abẹ́rẹ́, òwú, ìṣáná, dígí. Anago ni Àṣáńtì ń pè wá. A kò ní ilẹ̀ níbẹ̀, a kò ní oko, a kò sì ní ìdílé tó pọ̀. Ẹni tó bá wà nírú ipò bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ ṣàárẹ̀ ọkàn bí kò bá wá nǹkan dì mú.

Ìwẹ̀ ẹ̀mí

Àṣáńtì gbà pé nígbà tí ènìyàn ń bọ̀ wá sáyé, Onyame, Ọlọ́run Ọba, fún un ní kra. Kra yìí ló ń bá a rìn, òun ló ń dáàbò bò ó, òun náà ló sì ń padà sọ́dọ̀ Ẹlẹ́dàá nígbà tí ara bá kú. Ọmọ Yorùbá tó mọ ohun tí orí jẹ́ fún wa kò ní pẹ́ lóye rẹ̀. Yorùbá ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ní ti Àṣáńtì, wọ́n á kọ́kọ́ wo ọjọ́. Ọkùnrin tí wọ́n bí ní ọjọ́ Àìkú ni Kwasi, ti ọjọ́ Ajé ni Kwadwo, ti ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni Kwabena, ti Ọjọ́rú ni Kwaku, ti Ọjọ́bọ̀ ni Yaw, ti ọjọ́ Ẹtì ni Kofi, ti ọjọ́ Àbámẹ́ta ni Kwame. Àwọn obìnrin náà ní tiwọn: Akosua, Adwoa, Abena, Akua, Yaa, Afua, Ama. Ọjọ́rú ni wọ́n bí mi, nítorí náà, orúkọ yòówù kí bàbá mi sọ mí, Akua ni gbogbo àgbàlá ń pè mí.

Ọjọ́ tí wọ́n bí ènìyàn ni ọjọ́ kra rẹ̀, ọjọ́ náà ló sì ń wẹ̀ ẹ́. Akradware ni wọ́n ń pe ìwẹ̀ yìí. Ìyá àgbà Àṣáńtì tó ni ilé tí a gbé, tí gbogbo wa ń pè ní Nana, ọmọ Ọjọ́rú bíi tèmi ni. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, kì í ṣe gbogbo ilé ló ṣì ń ṣe é, ṣùgbọ́n Nana kò jẹ́ fi tirẹ̀ ṣeré. Ní àfẹ̀mọ́júmọ́, yóò bu omi tútù sínú agbada idẹ kékeré kan, yóò fi ewé kan tí wọ́n ń pè ní adwera sínú rẹ̀, yóò sì máa fi ewé náà wọ́n omi sí èjìká àti orí rẹ̀, tí yóò máa bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Yóò fi ẹfun pa apá, yóò ró aṣọ funfun. Lẹ́yìn náà ni yóò gún iṣu sísè láìfi epo sí i, tí yóò fi ẹyin sísè lé e lórí. Ɛtɔ ni oúnjẹ náà ń jẹ́. Kì í dá a jẹ. Ọmọdé tó bá wà lágbàlá yóò gba tirẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, èmi ni yóò sì kọ́kọ́ fún nítorí pé ọjọ́ kan náà ló bí wa.

Ohun tó wú mi lórí jù lọ ni ohun tí kì í ṣe lọ́jọ́ náà. Kì í sin gbèsè. Kì í dá sí ìjà. Ẹni tó jẹ ẹ́ lówó ilé mọ̀ pé bí òun bá fara balẹ̀ títí di Ọjọ́rú, òun yóò sùn láìgbọ́ igbe. Bí ẹnìkan bá fẹ́ mú ọ̀rọ̀ gbígbóná wá bá a, yóò na ọwọ́ sí aṣọ funfun rẹ̀, ẹni náà á sì padà. Lọ́sẹ̀-lọ́sẹ̀ ni ìyá yìí ń fún ọkàn ara rẹ̀ ní ìsinmi, gbogbo àgbàlá ló sì ń bá a ṣọ́ ọ.

Ní ààfin, iṣẹ́ ni wọ́n sọ ọ́ dà. Àwọn kan wà tí wọ́n ń pè ní akrafo, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti máa bójú tó ìwẹ̀ kra ọba kí ọkàn rẹ̀ lè tutù. Àmì oyè wọn ni àwo wúrà ribiti kan tí wọ́n ń fi okùn funfun gbé kọ́ àyà. Púpọ̀ nínú àwọn àwo wúrà yìí bá ìkógun ọdún 1874 lọ sí London. Lọ́dún 2024, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé V&A àti ti British Museum yá Kumasi ní ohun 32 nínú ohun ìṣúra Àṣáńtì tó wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì pàtẹ wọn sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ààfin Manhyia, nínú ilé tí wọ́n kọ́ fún Prempeh lọ́dún 1925 nígbà tó ti ìgbèkùn dé. Mo lọ wò wọ́n. Àwo wúrà akrafo wà lára wọn. Mo dúró síwájú rẹ̀, mo sì rò ó pé ọba tó ní ọmọ ogun, tó ní wúrà, tó ní adájọ́, ṣì rí i pé ó yẹ kí òun ní ẹni tí yóò máa ṣọ́ ìfọ̀kànbalẹ̀ òun. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ọba náà àti Nana kò ju wúrà lọ.

Ọjọ́ tí ọkọ́ kì í kan ilẹ̀

Ìsinmi pẹ̀lú kò sí lọ́wọ́ olúkúlùkù. Ní ilẹ̀ Àṣáńtì, Asase Yaa, ilẹ̀ fúnra rẹ̀, ló ni Ọjọ́bọ̀, àgbẹ̀ kò sì gbọdọ̀ kọ ebè lọ́jọ́ náà. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ le jù lọ nínú iṣẹ́ yóò jókòó sílé, yóò tún ọ̀rùlé ṣe, yóò bá ìyàwó sọ̀rọ̀, yóò lọ parí ìjà tí wọ́n ti ń fì sẹ́yìn. Ẹ̀rí ọkàn kò ní dá a lẹ́bi pé ó ṣọ̀lẹ, nítorí pé ilẹ̀ ló ní kó sinmi.

Adae tún wà. Kàlẹ́ńdà Àṣáńtì ń yí po ní ọjọ́ 42, nínú ìyípo kọ̀ọ̀kan ni Akwasidae máa ń bọ́ sí ọjọ́ Àìkú kan, tí Awukudae sì ń bọ́ sí Ọjọ́rú kan. Lọ́jọ́ Akwasidae, ọba á wọlé lọ bá àwọn baba ńlá rẹ̀, lẹ́yìn náà á jáde sí gbàgede Manhyia, ìlù fontomfrom á máa dún, àwọn ìjòyè á sì máa wá kí i níkọ̀ọ̀kan. Láti kékeré ni mo ti ń wò ó. Ẹni tí nǹkan le fún ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá mọ̀ pé Adae kò ní pẹ́ dé, àti pé òun yóò tún wọ aṣọ tó dára, òun yóò tún wà láàárín èrò. Àwọn baba wa nílé náà mọ irú ètò yìí. Ọjọ́ mẹ́rin-mẹ́rin ni ọ̀sẹ̀ òrìṣà ń yí, olúkúlùkù òrìṣà ló sì ní ọjọ́ tirẹ̀ tí àwọn olùsìn rẹ̀ ń pa iṣẹ́ tì.

Omi tútù àti ọpọ́n ayò

Ní Kumasi ìgbà yẹn, o kò lè wọ ilé ẹni kí o kàn bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Wọ́n á fún ọ ní àga, wọ́n á fún ọ ní omi, ìwọ á mu ún. Lẹ́yìn omi ni onílé á tó béèrè amanneɛ, ìyẹn ni pé kí o ròyìn bí ibi tí o ti ń bọ̀ ṣe rí àti ohun tó gbé ẹsẹ̀ rẹ wá. Bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àná lo wá, wọ́n á béèrè. Mo ti rí obìnrin tó wọlé pẹ̀lú ẹkún, tó fi máa mu omi tán, tó fi máa ròyìn láti ìbẹ̀rẹ̀, ohùn rẹ̀ ti rọlẹ̀. Àṣà náà fún un láyè láti mí, ó sì dá a lójú pé ẹni tó jókòó níwájú rẹ̀ kò ní já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu rẹ̀. Àwa náà ní ẹ kú àbọ̀, ẹ kú ìrìn, ẹ kú ojú lọ́nà. Ìyá mi máa ń sọ pé ọjọ́ tí òun kọ́kọ́ dé Kumasi, tí òun kò gbọ́ Twi, èdè Àṣáńtì, rárá, ìkúnlẹ̀ tí òun kúnlẹ̀ kí Nana láàárọ̀ ọjọ́ kejì ló sọ òun di ọmọ ilé.

Bàbá mi kò gbọ́ ju Twi ọjà lọ. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó sún mọ́ ọn jù lọ, alágbẹ̀dẹ wúrà kan tó ń gbé ìsàlẹ̀ àdúgbò wa, kò sì gbọ́ Yorùbá. Oware ló so wọ́n pọ̀. Ihò 12, ọmọ ayò 48, mẹ́rin-mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan, kí o máa gbìn ín káàkiri, kí o máa jẹ méjì-méjì àti mẹ́ta-mẹ́ta. Ayò ọlọ́pọ́n wa gan-an ni. Nígbà tí R. S. Rattray, òṣìṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ àṣà Àṣáńtì sílẹ̀, tẹ ìwé rẹ̀ nípa ẹ̀sìn àti iṣẹ́ ọnà wọn jáde lọ́dún 1927, orí odindi kan nínú rẹ̀ dá lórí eré yìí. Ìrọ̀lẹ́-ìrọ̀lẹ́ ni alágbẹ̀dẹ náà ń dé lẹ́yìn tó bá ti pa iná ẹwìrì rẹ̀. Bàbá mi á ti tẹ́ ẹní sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà. Wọn kì í ta á fún owó. Ẹni tó bá jẹ ọ̀ta lọ́jọ́ yẹn yóò fi ọ̀pẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, èdè méjì ni yẹ̀yẹ́ náà máa ń jáde, àwọn tó dúró wòran á sì túmọ̀ rẹ̀. Ọjọ́ tí ọjà kò tà ni bàbá mi ń ta ayò pẹ́ jù. Nígbà tí ó bá dìde, á béèrè oúnjẹ. Ìyá mi mọ̀ pé tí ó bá ti béèrè oúnjẹ, àníyàn ti fi í sílẹ̀ nìyẹn.

Ọjọ́ tí a ń tú ọ̀rọ̀ inú jáde

Techiman wà ní àríwá Kumasi, lójú ọ̀nà tí àwọn oníṣòwò Yorùbá ń gbà lọ sí òkè. Oṣù kẹrin ọdún 1922 ni Rattray wà níbẹ̀ tó fojú ara rẹ̀ rí ọdún Apo. Ní ọjọ́ Apo, ẹnikẹ́ni lè sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ sí ẹnikẹ́ni. Tálákà lè sọ̀rọ̀ sí olówó, ìyàwó sí ọkọ, ará ìlú sí ọba. Orin ni wọ́n fi ń sọ ọ́ jù, kò sì sí ẹni tó gbọ́dọ̀ gbẹ̀san nígbà tí ọdún bá parí.

Rattray bi àlùfáà àgbà kan níbẹ̀ léèrè ìdí rẹ̀. Àlàyé tí bàbá náà ṣe fún un, tí ó wà nínú ìwé tí Rattray tẹ̀ lọ́dún 1923, jinlẹ̀ ju ọ̀pọ̀ ohun tí mo ti kà lọ. Ó ní ènìyàn ní sunsum, ìyẹn ẹ̀mí, nínú, sunsum yìí sì lè ṣàìsàn. Bí ẹlòmíì bá ní ìkórìíra rẹ lọ́kàn, ó lè kó àìsàn bá sunsum rẹ. Bí ìwọ náà bá di ẹlòmíì sínú, nítorí ibi tó ṣe sí ọ, sunsum tìrẹ ni yóò máa gbọ̀n, ara rẹ yóò sì bá a ṣàìsàn. Nítorí náà ni àwọn baba ńlá ṣe yan àsìkò kan lọ́dún tí olúkúlùkù á sọ tinú rẹ̀ jáde. Ẹni tó sọ ọ́ á rí ìtura, ẹni tí wọ́n sọ ọ́ sí náà á sì rí ìtura.

Lọ́dún 1986, ìyẹn ní nǹkan bí ọgọ́ta ọdún lẹ́yìn ìwé Rattray, James Pennebaker àti Sandra Beall ní Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí kan jáde. Wọ́n ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan máa fi ìṣẹ́jú 15 kọ ohun tó dun ọkàn wọn jù láyé sílẹ̀, fún ọjọ́ 4 léraléra. Inú wọn bàjẹ́ bí wọ́n ti kọ ọ́ tán. Ṣùgbọ́n ní àwọn oṣù tó tẹ̀lé e, àwọn tó kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ àti bó ṣe rí lára wọn kò lọ sí ilé ìtọ́jú tó àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tó kọ ọ̀rọ̀ yẹpẹrẹ. Kò ní ya àlùfáà Techiman lẹ́nu. Kò sì yẹ kó ya Yorùbá lẹ́nu, torí pé ọdún Òkèbàdàn ní Ìbàdàn àti ẹ̀fẹ̀ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní ilẹ̀ Kétu ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ohun tí Apo ní tí ìwé kíkọ kò ní ni pé ẹni tó ṣẹ̀ ọ́ wà níbẹ̀, ó ń gbọ́.

Mi ò sọ pé ìdààmú ọkàn kò sí ní ilẹ̀ Àṣáńtì. Ó wà, ó sì pọ̀ sí i nígbà tí owó kòkó dé. Margaret Field, tó ti kọ ìwé nípa àwọn Ga kó tó di oníṣègùn ọpọlọ, ṣe ìwádìí ní àwọn ojúbọ ìgbèríko Àṣáńtì láàárín ọdún 1950 sí 1960, ó sì tẹ ìwé rẹ̀ jáde lọ́dún 1960. Àwọn tó bá níbẹ̀ ni awakọ̀ tó ń bẹ̀rù ìjàǹbá, olókoòwò tó ń bẹ̀rù ìlara, àti àwọn ìyá tó ti bá ọkọ gbin kòkó títí di ọjọ́ ogbó, tí ọkọ wá fi owó rẹ̀ fẹ́ ìyàwó kékeré. Àwọn ìyá yìí máa ń wá jẹ́wọ́ pé àjẹ́ ni àwọn. Field rí i pé àìsàn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ló ń ṣe ọ̀pọ̀ wọn. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ fún mi ni pé nígbà tí owó bá já ènìyàn gbà kúrò nínú àwùjọ rẹ̀, ọkàn ló máa ń kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n.

Ní àkókò kan náà, oníṣègùn ọpọlọ kan tó jẹ́ ọmọ Yorùbá ń fi àwùjọ gan-an ṣe ìtọ́jú. Ọdún 1954 ni Adeoye Lambo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ọpọlọ Aro, Abẹ́òkúta. Dípò kó ti àwọn aláìsàn ọpọlọ mọ́lé, ó fi wọ́n wọ̀ sí ilé àwọn àgbẹ̀ ní àwọn abúlé tó yí ilé ìwòsàn náà ká, tí ará ilé aláìsàn kan sì ń bá a gbé. Wọ́n á gba oògùn òyìnbó, wọ́n á tún bá àwọn ará abúlé ṣiṣẹ́, jẹun, ṣeré. Gbogbo ayé ló gbọ́ nípa rẹ̀.

Àjọ àti ẹgbẹ́ ọmọ ìlú

Àwa Anago ní tiwa. Ìyá mi ń dá àjọ pẹ̀lú àwọn obìnrin tó pàtẹ sí ẹsẹ̀ kan náà pẹ̀lú rẹ̀ lọ́jà. Bí ọjà bá ti ń tú, olórí alájọ á yípo, á gba owó, á sì jókòó díẹ̀ sórí àpótí olúkúlùkù. Níbi ìjókòó yẹn ló ti ń mọ ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń ṣàìsàn, ẹni tí ọkọ rẹ̀ kò sùn sílé, ẹni tí kò tà rárá. Bí ẹnìkan bá pa àjọ jẹ lọ́jọ́ méjì, wọn kì í kọ́kọ́ bínú sí i, wọ́n máa ń ránṣẹ́ lọ wò ó nílé ni. Ìdí tí mo fi ka àjọ mọ́ ohun ìlera nìyẹn.

Ọjọ́ Àìkú ni ìpàdé ẹgbẹ́ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń parí ìjà, tí wọ́n ti ń dáwó òkú, tí wọ́n ti ń fi lẹ́tà ilé hàn. Ilé ìjọsìn tún ń bẹ. Àwọn Mùsùlùmí wa ń kírun ní Zongo, àdúgbò àwọn àjòjì. Ìjọ Onítẹ̀bọmi ní Gánà, àwọn oníṣòwò Yorùbá, àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ pàápàá, wà lára àwọn tó gbé e dé àwọn ìlú ọjà níbẹ̀, títí di àwọn ọdún 1960 ló sì wà lábẹ́ ti Nàìjíríà kó tó dá dúró. Àjò kò dùn kí onílé má relé, ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn yìí mú kí àjò náà ṣeé gbé.

Ọdún 1969

Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Kofi Abrefa Busia pàṣẹ pé kí gbogbo àjòjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò ní Gánà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ọmọ Wenchi ni Busia, onímọ̀ nípa àwùjọ sì ni, òun ló kọ ìwé pàtàkì kan nípa ipò ọba ní ilẹ̀ Àṣáńtì. Bàbá mi tí ó ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó bí mi kò ní ìwé kankan. Ó ta ọjà rẹ̀ ní ọ̀pọ̀. Àwọn tó jẹ ẹ́ lówó kò san. Alágbẹ̀dẹ wúrà wá ní alẹ́ ọjọ́ tó kẹ́yìn, wọ́n ta ayò, wọn kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. A gba Aflao, Lomé àti Cotonou dé ilé, lórí ọkọ̀ tí ẹrù àti ènìyàn jọ kún.

Ní Ògbómọ̀ṣọ́, bàbá mi dákẹ́. Kò bínú, kò sunkún, kò kàn fẹ́ jáde síta ni. Ìlú rẹ̀ ni, èdè rẹ̀ ni, síbẹ̀ gbogbo ohun tó ń tì í lẹ́yìn lójoojúmọ́ ti ṣẹ́kù sí Kumasi: ẹni tó ń bá a ta ayò, ìrọ̀lẹ́ tó ń dúró dè, ẹni tó ń béèrè ìròyìn rẹ̀. Ìyá mi ló rí i. Kò bá a sọ̀rọ̀ ìyànjú. Ó wá ọpọ́n ayò, ó sì ránṣẹ́ sí àwọn mìíràn tó ti Gánà dé ní àdúgbò pé ìrọ̀lẹ́ ni kí wọ́n máa wá. Òun fúnra rẹ̀ tún àjọ dá pẹ̀lú àwọn ìyàwó wọn. Ní Ọjọ́rú, ó ń gún iṣu láìfi epo sí i, ó ń fi ẹyin lé e fún mi, Kìrìsìtẹ́nì tí ó jẹ́ kò dí i lọ́wọ́ nínú ìyẹn. Ó ju ọdún kan lọ kí bàbá mi tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè oúnjẹ lẹ́yìn ayò. Mo mọ àwọn mìíràn tó jókòó sínú yàrá títí tí ikú fi dé, tí ẹnikẹ́ni kò sì pè wọ́n jáde.

Lóṣù kìíní ọdún 1983, ìjọba Nàìjíríà náà lé àwọn ọmọ Gánà, ó lé ní mílíọ̀nù kan. Mo wà nídìí iṣẹ́ olùkọ́ nígbà náà, mo sì mọ ohun tó ń lọ sílé pẹ̀lú wọn tí kò sí nínú àpò tí wọ́n gbé lórí.

Ohun tó yẹ kí a ṣe

Gánà ṣe òfin ìlera ọpọlọ tuntun lọ́dún 2012. Tiwa ní Nàìjíríà di òfin lóṣù kìíní ọdún 2023, ó sì rọ́pò èyí tí a jogún láti ayé òyìnbó. Mo yọ̀ sí méjèèjì. Ẹni tí ìdààmú ọkàn rẹ̀ bá ti di àìsàn, ẹ jẹ́ kó lọ rí oníṣègùn. Kò sí ayò tàbí omi tútù tó lè rọ́pò ìyẹn. Ṣùgbọ́n òfin kò lè bá aládùúgbò mu omi, kò sì lè jókòó sórí àpótí obìnrin tí kò tà lónìí.

Ẹ̀bẹ̀ mi ni pé kí ẹ má ṣe dá ìdùnnú ṣe. Yan ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ tí o kò ní sin gbèsè, tí o kò ní bá ẹnikẹ́ni fa ọ̀rọ̀, kí o sì sọ fún àwọn ará ilé rẹ kí wọ́n bá ọ ṣọ́ ọ. Yan ẹnì kan tí ẹ ó jọ máa jókòó lẹ́yìn iṣẹ́, kí ọwọ́ yín máa ṣe nǹkan kan pọ̀. Ọ̀rọ̀ tó bá dun ọ́, má jẹ́ kó pẹ́ nínú rẹ. Sọ ọ́ fún ẹni tó ni í, ní àkókò tó rọ̀ ọ́ lọ́rùn láti gbọ́. Bí ẹnìkan tó ń wá tẹ́lẹ̀ kò bá wá mọ́, má dúró kó pè ọ́. Dìde lọ wò ó nílé.